Ibo Ni Wọ́n Ti Wá? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Igbákejì Kóòṣì Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, ní ìlú New Orleans, ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles gbo ewúro sí Kansas City Chiefs lójú pẹ̀lú àmì ayò 40 sí 22, wọ́n sì gba ife Super Bowl. Kámẹ́rà ń lé Nick Sirianni, ọ̀gá kóòṣì Eagles, kiri. Ó ń lé Jalen Hurts tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbìmọ̀ bí wọ́n ṣe gbé Patrick Mahomes ṣánlẹ̀ nígbà mẹ́fà ni Vic Fangio, bàbá ẹni ọdún 66 tó ń darí ìgbèjà. Fangio kò fi bọ́ọ̀lù gbígbá jẹun rí. Dunmore, ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí ní Pennsylvania, ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì, nílé ẹ̀kọ́ girama, ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa nìkan lè máà mọ bí èèyàn ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn ọ̀gá kóòṣì nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Agbábọ́ọ̀lù 53 ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn kóòṣì tó ń bójú tó wọn sì sábà máa ń ju 20 lọ. Eré náà pín sí wẹ́wẹ́ ni. Àwọn tó ń kọlù kì í bá àwọn tó ń gbèjà wọ pápá pọ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà àti àwọn tó ń gbà á sáré padà tún wà lọ́tọ̀. Ipò kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tirẹ̀: ti quarterback tó ń ju bọ́ọ̀lù, ti àwọn tó ń gbé e sáré, ti àwọn tó ń sá lọ gbà á lọ́ọ̀ọ́kán, ti àwọn òmìrán tó ń ṣe ògiri níwájú, títí dé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Olùdarí mẹ́ta ló wà lórí àwọn olùkọ́ wọ̀nyí, ìyẹn ti ìkọlù, ti ìgbèjà àti ti ẹ̀ka àkànṣe, àwọn náà sì wà lábẹ́ ọ̀gá kóòṣì. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú líìgì NFL, nítorí náà àwọn tó ń jẹ nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré.

Nípa ibi tó yẹ kí wọ́n ti máa wá, èrò méjì ló ń kọlu ara wọn láàárín àwọn olólùfẹ́ eré náà. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá gbá a rí kò lè kọ́ni. Àwọn kejì ní ọpọlọ ni iṣẹ́ náà, kò kan iṣan. Lójú tèmi, àríyànjiyàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ibi tí èèyàn ti wá kì í sọ bóyá á mọṣẹ́. Yàrá tí wọ́n bá fi í sí nígbà tó wọlé ló ń sọ bóyá á di ọ̀gá lọ́la, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó dúró lẹ́yìn Sirianni ní sáà 2024, nítorí nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn, èèyàn lè rí gbogbo ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà wọlé. A ti fẹnu ba ti Fangio. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ó bọ́ sí líìgì USFL tó kógbá wọlé lẹ́yìn sáà mẹ́ta, ó dé New Orleans Saints lọ́dún 1986, kò sì di olùdarí ìgbèjà títí di 1995 tí wọ́n dá Carolina Panthers sílẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gorí àga yẹn. Ó ti ṣe ọ̀gá kóòṣì Denver Broncos láti 2019 sí 2021, kò rọrùn fún un níbẹ̀, ó sì padà sídìí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 2024, kò sí ẹgbẹ́ tí alátakò rí ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kéré tó ti Eagles ní gbogbo líìgì náà. Ife Super Bowl tó gbà ní New Orleans ni àkọ́kọ́ rẹ̀.

Kellen Moore ló ń darí ìkọlù lódìkejì, ìtàn tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ girama ni bàbá rẹ̀. Ní yunifásítì Boise State, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 53 ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí quarterback, ó borí nínú 50. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 2012, kò sí ẹgbẹ́ tó pe orúkọ rẹ̀. Ó rí àyè ní Detroit, ó tún lọ sí Dallas, orí ìjókòó àwọn tó ń dúró de ìpààrọ̀ ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mẹ́fà. Ó fi bàtà sílẹ̀, Dallas Cowboys sọ ọ́ di olùkọ́ àwọn quarterback ní 2018; nígbà tó di 2019, gbogbo ìkọlù ẹgbẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan péré! Kí ẹ fi èyí wé ti Fangio. Kò pẹ́ sí ìgbà tí wọ́n gba ife tí New Orleans Saints fi sọ Moore di ọ̀gá kóòṣì, ó sì mú Doug Nussmeier, tó ń kọ́ àwọn quarterback lábẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia, dání lọ láti di olùdarí ìkọlù. Quarterback ni Nussmeier náà ní Saints nígbà èwe rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí ta ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, Jeff Stoutland ni, ẹni tó ń kọ́ àwọn òmìrán iwájú nígbà náà. Ọmọ Staten Island ní New York ni. Yunifásítì kan tí kò lókìkí ní Connecticut ló ti gbá bọ́ọ̀lù, kò sì dé NFL gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù. Láti yunifásítì kan sí òmíràn ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún: Syracuse, Cornell, Michigan State, Miami, kó tó dé Alabama, níbi tó ti lo sáà méjì, 2011 àti 2012, tí wọ́n sì gba ife orílẹ̀-èdè nínú méjèèjì. Chip Kelly, ọ̀gá kóòṣì Eagles nígbà náà, ló mú un wá lọ́dún 2013. Wọ́n lé Kelly, Doug Pederson dé. Wọ́n lé Pederson, Sirianni dé. Stoutland kò kúrò nínú yàrá rẹ̀. Èyí ṣọ̀wọ́n, torí bí wọ́n bá lé ọ̀gá kóòṣì, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ náà sábà máa ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ni.

Ẹ̀rí iṣẹ́ Stoutland ni Jordan Mailata. Australia ni wọ́n bí Mailata sí, Samoa ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, rugby ló ń gbá. Kò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí nígbà tí Eagles mú un ní 2018, ní ìpele keje, èyí tó gbẹ̀yìn nínú yíyan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ọ̀dọ̀ Stoutland ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn láìṣubú, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ dá alátakò dúró láyà, àti ohun tó yẹ kó máa wò kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Nígbà tó fi di 2024, ẹ̀yìn òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Saquon Barkley ti sáré tó yáàdì 2,005 nínú sáà kan. Ẹni tó bá ní kò sí bí ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù ní NFL ṣe lè kọ́ ẹni tó ń gbá a, kó lọ bi Mailata léèrè.

Àwọn yòókù ńkọ́? Michael Clay ń darí ẹ̀ka àkànṣe. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ ní 2021, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ní Eagles kan náà. Jemal Singleton, olùkọ́ àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, gba ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà kọjá. Ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó sì tún kọ́ni níbẹ̀. Aaron Moorehead, olùkọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù lókè, gba ife Super Bowl pẹ̀lú Indianapolis Colts gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ní oṣù kejì 2007. Chicago Bears ni wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀, Emery, ti bá gba ife kan náà ní 1986. Mi ò mọ ohun tí bàbá wí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n gbọ́.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni Sirianni kàn fi kó irú àwọn èèyàn báyìí jọ. Ìyà ló kọ́ ọ. Ní 2023, Brian Johnson ló ń darí ìkọlù rẹ̀, Sean Desai ló ń darí ìgbèjà. Ẹgbẹ́ náà borí nínú mẹ́wàá lára ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló dojú rú. Wọ́n gba ìgbèjà lọ́wọ́ Desai ní oṣù kejìlá, wọ́n gbé e fún Matt Patricia, ìyẹn náà kò sì lè tún un ṣe. Tampa Bay lé wọn wálé. Desai yìí ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ láti yunifásítì Temple, Patricia sì kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ òfuurufú. Ìwé kò dí wọn lọ́wọ́, kò sì gbà wọ́n sílẹ̀.

Èèyàn lè sọ pé Philadelphia ló fẹ́ràn àwọn tí kò gbá bọ́ọ̀lù lókè téńté. Ẹ wo Detroit Lions nígbà náà. Nígbà tí Dan Campbell, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní NFL fúnra rẹ̀, gba ẹgbẹ́ náà ní 2021, àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ló kó jọ. Anthony Lynn tó ti gba Super Bowl méjì ní Denver ń darí ìkọlù. Aaron Glenn tó lo sáà 15 lórí pápá ń darí ìgbèjà. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wíwá agbábọ́ọ̀lù kiri ló ṣe fún New York Jets, kó tó máa gun àkàbà kóòṣì ní Cleveland àti New Orleans. Duce Staley, Antwaan Randle El, Hank Fraley, gbogbo wọn ló ti wọ aṣọ NFL. Mark Brunell, quarterback tó lórúkọ ní Jacksonville láyé ọjọ́un, kò ṣe kóòṣì NFL rí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló ń kọ́ kó tó dé. Àwọn oníròyìn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Sáà àkọ́kọ́ náà kò dára: wọ́n borí nínú mẹ́ta, wọ́n pàdánù 13, wọ́n ta ọ̀mì kan.

Ohun tó yí Detroit padà ni ọkùnrin kan tí kò jọ wọn rárá. Ben Johnson ti wà níbẹ̀ láti 2019 kí Campbell tó dé. Ó fara mọ́ ẹgbẹ́ yunifásítì North Carolina láìní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ eléré ìdárayá, ìmọ̀ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ló kà, kò sì dé NFL gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù. Lynn lọ lẹ́yìn ọdún kan, Johnson di olùdarí ìkọlù. Ní oṣù kìíní 2024, Lions borí Los Angeles Rams 24 sí 23, àṣeyọrí wọn àkọ́kọ́ nínú ìdíje ìkẹyìn sáà láti ọdún 1992. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí nínú 15, wọ́n pàdánù méjì. Ní oṣù kìíní 2025, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Chicago mú Johnson, New York Jets mú Glenn, àwọn méjèèjì di ọ̀gá kóòṣì. Ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù ní NFL fún sáà 15, èkejì kò gbá a níbẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Báwo ni ẹni tí kò gbá a ṣe ń wọlé gan-an? Ìdí ìkọ́ṣẹ́ ni. NFL ní ipò kan tí wọ́n ń pè ní quality control. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ jọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tí ó ń fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù, tó ń gbálẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọwọ́ ọ̀gá. Òun ló ń wo fídíò alátakò títí ilẹ̀ fi ń mọ́, òun ló ń gé e sí wẹ́wẹ́, òun ló ń ya àwòrán ètò wọn sórí páálí kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè fi ṣe ìgbáradì. Owó rẹ̀ kéré. Bill Belichick, tí ó padà gba Super Bowl mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kóòṣì New England, bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore Colts lọ́dún 1975 pẹ̀lú dọ́là 25 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ fídíò ni wọ́n gbà á fún.

Ṣùgbọ́n ta ni bàbá Belichick? Kóòṣì ni, nílé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Annapolis, ó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní wíwo fídíò láti kékeré. Ta ni bàbá àgbà Sean McVay, tí Los Angeles Rams sọ di ọ̀gá kóòṣì ní 2017 nígbà tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún? John McVay ni, ọ̀kan lára àwọn alákòóso San Francisco 49ers nígbà tí ife ń rọ̀jò lé wọn lórí. Ta ni bàbá Kyle Shanahan? Mike Shanahan, tó gba Super Bowl méjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kóòṣì. Nígbà tí Mike wà ní Washington láti 2010 sí 2013, ọmọ rẹ̀ ló fi ṣe olùdarí ìkọlù, àwọn tó sì wà lábẹ́ wọn ní àsìkò yẹn ni McVay, Matt LaFleur, Mike McDaniel àti Raheem Morris. Wọ́n lé Mike lẹ́yìn sáà tí wọ́n ti borí nínú mẹ́ta péré. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló di ọ̀gá kóòṣì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò mọṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ kì í kan ilẹ̀kùn pẹ́.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ní Kansas City, Andy Reid gba iṣẹ́ ọ̀gá kóòṣì ní 2013. Doug Pederson ni olùdarí ìkọlù rẹ̀ àkọ́kọ́: quarterback àtijọ́, tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Louisiana lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, kí Reid tó fà á wọlé gẹ́gẹ́ bí quality control ní Philadelphia. Eagles sọ ọ́ di ọ̀gá kóòṣì ní 2016. Matt Nagy gba ipò náà: quarterback nínú bọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn, tó ń ta ilé àti ilẹ̀ kí Reid tó fún un ní iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Chicago sọ ọ́ di ọ̀gá kóòṣì ní 2018. Eric Bieniemy gba ipò náà: èèyàn dúdú, tó ti ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ní NFL, tó sì ti kọ́ àwọn tó ń gbé e sáré fún ọdún púpọ̀. Ó lo sáà márùn-ún, 2018 sí 2022, ó gba Super Bowl méjì, ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Kò sí èyí tó gbà á. Àwọn kan ní Reid ló ń pe ètò eré. Ó dára, ṣé Reid kọ́ ló ń pè é nígbà Pederson, tí ó tún ń pè é fún èyí tó pọ̀ jù nígbà Nagy?

Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú rẹ̀, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Tony Dungy gbá bọ́ọ̀lù fún Pittsburgh Steelers, ó di olùdarí ìgbèjà wọn ní 1984 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 28, ọdún 12 ló sì dúró kí Tampa Bay tó fún un ní ẹgbẹ́. Òun ni ọ̀gá kóòṣì dúdú àkọ́kọ́ tó gba Super Bowl, ní 2007, ó sì ṣẹ́gun Lovie Smith, ọ̀gá kóòṣì Chicago tó jẹ́ dúdú bíi tirẹ̀, lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yàrá tún wà níbẹ̀. Ipò tí ọmọ bá gbá ló sábà máa ń lọ kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń yí àwọn ọmọ dúdú kúrò nídìí quarterback sí gbígbé bọ́ọ̀lù sáré, gbígbà á lókè tàbí ṣíṣọ́ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá di kóòṣì, yàrá wọ̀nyẹn náà ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń wá ọ̀gá láàárín àwọn tó jókòó ti quarterback. Nídìí ìgbèjà, ọ̀nà là díẹ̀: Mike Tomlin, DeMeco Ryans àti Glenn gba ibẹ̀ kọjá.

Líìgì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2003 ni òfin Rooney, tí wọ́n fi orúkọ Dan Rooney tó ni Pittsburgh sọ, ti ń fi dandan mú kí ẹgbẹ́ tó ń wá ọ̀gá kóòṣì fọ̀rọ̀ wá ẹni tí kì í ṣe òyìnbó lẹ́nu wò. Ọ̀pọ̀ ló sọ ọ́ di àfiṣe-ojú-ayé. Òfin oṣù kẹta 2022 ló sún mọ́ ìdí ọ̀rọ̀: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba obìnrin tàbí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó kan, ó kéré tán, sídìí ìkọlù. Mo gbà pé òfin kejì yìí wúlò ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìsàlẹ̀ àkàbà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà ti ń wọlé, díẹ̀díẹ̀. Kathryn Smith ni Buffalo Bills gbà ní 2016, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe igbákejì kóòṣì ní gbogbo àkókò ní NFL. Ní oṣù kejì 2021, Lori Locust àti Maral Javadifar wà lára àwọn kóòṣì Tampa Bay tó gba Super Bowl. Àwọn ará òkè òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Aden Durde, ọmọ England tó gbá bọ́ọ̀lù yìí ní líìgì Yúróòpù, di olùdarí ìgbèjà Seattle ní 2024. Ejiro Evero, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n sì bí i sí Colchester ní England, bẹ̀rẹ̀ ní Tampa Bay ní 2007 gẹ́gẹ́ bí quality control, ó yí ká San Francisco, Green Bay àti Los Angeles, ó sì di olùdarí ìgbèjà ní Denver ní 2022, lẹ́yìn náà ní Carolina.

Ọmọ wa pọ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù yìí ní Texas, Maryland àti Georgia. Ẹ̀yin òbí wọn, bí yíyan agbábọ́ọ̀lù tuntun bá parí tí wọn kò pe orúkọ ọmọ yín, ẹ má sunkún jù. Kellen Moore náà kò gbọ́ orúkọ tirẹ̀. Bó bá fẹ́ di kóòṣì, kó gba iṣẹ́ fídíò, owó ì báà kéré. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó bẹ̀bẹ̀ fún àyè ní yàrá quarterback, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló ń gbé sáré tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti ń mú ọ̀gá.